Eyín Tí A Fi Pamọ́

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, mi ò rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe pé ohun tó ń pani lẹ́rìn-ín kò sí nínú ilé tí à ń gbé ní Ìsọlọ̀. Ó pọ̀ níbẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ìyá Rísí, obìnrin Ìwó tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa, kì í jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ sinmi. Bó bá ń fọ aṣọ lẹ́bàá kánga, á máa sín àwọn ayálégbé jẹ lọ́kọ̀ọ̀kan: bí eléyìí ṣe ń rìn, bí tọ̀hún ṣe ń húkọ́, bí ẹlòmíràn ṣe ń gbàdúrà bíi pé Ọlọ́run dití. Gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín, èmi á fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu, màá máa wo ilẹ̀. Àwọn àgbà ní mo níwà. Wọ́n ní ó hàn pé ìyá mi ń kọ́ mi. Kò sí ẹni tó mọ̀ pé ẹ̀rù ló dí mi lẹ́nu. Eyín mi kan ti ń mì, níwájú, nísàlẹ̀, bó bá sì bọ́, wọ́n á wá mú mi kúrò lọ́dọ̀ ìyá mi.

Mo ti lọ sí yunifásítì láti ìgbà náà, mo ti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé títí mo fi fẹ̀yìn tì. Gbogbo àwọn tí mo fẹ́ dárúkọ ni wọ́n ti kú, mo sì jókòó níbi ìsìnkú wọn, mò ń mi orí bí àlùfáà ti ń ròyìn ìwà rere wọn. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà ti tán nínú mi. Àmọ́ láìpẹ́ yìí, wọ́n pe àwa àgbàlagbà àdúgbò sí gbọ̀ngàn kan ní Ìsọlọ̀. Wọ́n ní ìjọba fẹ́ tún òfin ààbò ọmọdé àti òfin ìdílé ṣe, wọ́n sì fẹ́ gbọ́ tẹnu wa: bí tọkọtaya bá kọ ara wọn sílẹ̀, lọ́dọ̀ ta ni ọmọ yóò máa gbé, ta ló sì yẹ kó sọ ọ́? Ọ̀dọ́mọbìnrin agbẹjọ́rò kan ló ń bi wá, jẹ́jẹ́ ló ń sọ̀rọ̀. Bàbá kan dìde, ó ká agbádá rẹ̀ lé èjìká, ó gba máíìkì lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ má fi òfin òyìnbó da ilé onílé rú," ó ní. "Àṣà wa ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́tipẹ́. Ọmọ kékeré, kó wà lọ́dọ̀ ìyá. Bó bá ti ń gbọ́n, kó lọ sílé bàbá rẹ̀. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Ta ló kú nínú wa?" Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Mo fẹ́ dìde kí n dá a lóhùn, orúnkún mi kọ̀. Ó ń gbọ̀n bó ṣe máa ń gbọ̀n nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí mo bá gbọ́ ìró bàtà kan lẹ́nu ọ̀nà wa. Mo padà sílé láìsọ ohunkóhun, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí. Àwọn ọmọ àwọn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn wà láyé, wọ́n á bínú. Kí wọ́n bínú. Wọ́n á tún rí i pé mi ò fi ọ̀wọ̀ pe ẹnikẹ́ni nínú ìwé yìí, títí kan ìyá tó bí mi. Lónìí mo dàgbà ju bí gbogbo wọn ṣe dàgbà tó lọ́dún náà lọ.

Akọ̀wé ni bàámi ní pápákọ̀ òfuurufú, ẹni jẹ́jẹ́ tí kì í gbé ohùn sókè. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló tọ́ ọ dàgbà, ohun tí ẹ̀gbọ́n yìí bá sì sọ lòun náà ń sọ. Màmá Ṣógúnlé là ń pè é, nítorí ibẹ̀ ló kọ́lé sí. Ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Ògùn ni wọ́n ti wá, ará ṣọ́ọ̀ṣì paraku ni wọ́n, Màmá Ṣógúnlé sì gbà pé ọmọ tí àbúrò òun bá bí, tòun ni. Màámi, tó jẹ́ télọ̀, ní òun kò lè jẹ́ ìyàwó èèyàn méjì. Ó gbé mi, ó gbé maṣíìnì rẹ̀, ó lọ gba yàrá kan ní Ìsọlọ̀. Kóòtù ìbílẹ̀ ló tú ìgbéyàwó náà ká. Adájọ́ ní kí n ṣì wà lọ́dọ̀ màámi nítorí ọmọdé ni mí, kò sì sọ ìgbà tí mi ò ní jẹ́ ọmọdé mọ́. Ibi tí adájọ́ dákẹ́ sí ni Màmá Ṣógúnlé ti gba ọ̀rọ̀ náà. Ó gbé e lọ sí pálọ̀ ẹ̀gbọ́n màámi ọkùnrin, kí ẹbí méjèèjì lè jọ fẹnu kò. Mo wà níbẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ màámi, mò ń fi ìṣẹ́tí ìró rẹ̀ ṣeré.

"Títí ìgbà wo lọmọ máa fi wà lọ́dọ̀ wa?" ẹ̀gbọ́n màámi bèèrè.

"Títí tó máa fi bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ eyín," Màmá Ṣógúnlé dáhùn. "Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé wa nìyẹn. Ọmọ tí eyín rẹ̀ bá ti ń bọ́, kí ló tún fẹ́ fi ọwọ́ ìyá ṣe? Bí wọ́n ṣe ṣe fún èmi náà nìyẹn."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n màámi wí. Màámi la ẹnu láti sọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò ó, ó pa ẹnu náà dé. Ọkùnrin yẹn kò wojú mi nígbà tó ń fi mí tọrẹ. Ó ń mu mínírà tí wọ́n gbé fún un, ó sì mu ún tán. Ní ti Màmá Ṣógúnlé, gbólóhùn tó sọ kẹ́yìn yẹn ni mi ò lè dárí rẹ̀ jì í títí dòní. Wọ́n ti ṣe é fún òun náà. Ó mọ bó ṣe rí lára.

Ilé tí à ń gbé jẹ́ ilé onípáànù gígùn kan tí yàrá kọjú síra wọn, kánga wà láàárín àgbàlá, balùwẹ̀ àti ilé ìdáná wà lẹ́yìn. Ìró garawa nínú kánga ló máa ń kọ́kọ́ jí mi, lẹ́yìn náà ìgbálẹ̀, lẹ́yìn náà rédíò Ìyá Onílé tí kì í kọ ju orin ìsìn lọ. Láàárín gbogbo wọn, maṣíìnì màámi á máa dún, á sáré díẹ̀, á dúró, á tún sáré. Mo mọ bí inú rẹ̀ ṣe rí nípa bí maṣíìnì náà ṣe ń sáré. Iṣẹ́ tèmi ni kí n gbá yàrá, kí n pọn omi sínú ike kékeré, kí n sì fi irin òòfà ṣa abẹ́rẹ́ tó bá já bọ́ sílẹ̀ kó má baà gún oníbàárà lẹ́sẹ̀. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ abẹ́rẹ́ yẹn. Mo máa ń fa òòfà náà lọ lórí símẹ́ńtì bí ẹni ń da ẹran, abẹ́rẹ́ á máa fò mọ́ ọn. Òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí mò ń rin pákò ni eyín náà mì. Mo fi ahọ́n tì í, ó tún mì. Mo sáré lọ bá màámi, mo sọ fún un. Inú mi tiẹ̀ dùn, nítorí eyín Rísí ti bọ́ ṣáájú, ó sì ń fi yangàn.

"Má fi ahọ́n kàn án mọ́," màámi wí. "Má sọ fún ẹnikẹ́ni. Má sọ fún Rísí."

"Tó bá wá bọ́ ńkọ́?"

Ó ń fẹsẹ̀ tẹ maṣíìnì, àgbá rẹ̀ ń yí, abẹ́rẹ́ ń lọ sókè sódò, kò sì sí aṣọ kankan lábẹ́ rẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo rántí pálọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìgbà yẹn lẹ̀rù wọ inú mi, tó sì jókòó.

Láti ọjọ́ náà, oúnjẹ wa yí padà. Kò sí àgbàdo sísun mọ́, kò sí àgbọn, kò sí gúgúrú. Mọ́ínmọ́ín ni, ẹ̀kọ gbígbóná ni, ẹ̀bà tó rọ̀ bí òwú ni, ẹ̀wà tó ti wà lórí iná títí tí kò fi ní èèpo mọ́. Apá òsì ni mo fi ń jẹ gbogbo rẹ̀. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ láìṣí ètè. Mi ò bá àwọn ọmọ ilé ta ten-ten mọ́ nítorí ẹni tó bá ń fò lè fi ẹnu gbá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lórí, Rísí sì bínú, ó ní mo ti ń gbéra ga nítorí ìyá mi ní maṣíìnì. Ìyá rẹ̀ wá yọjú sínú ìkòkò wa lọ́jọ́ kan.

"Ìyá Ìbídùn, ẹ̀wà rèé àbí omi? Ṣé o tún ti bí ọmọ ọmú tá ò gbọ́ ni?"

"Ọ̀fun ló ń dun Ìbídùn."

"Láti ìgbà wo? Ọ̀fun wo ni kì í san? Gbé e lọ ọsibítù kó o yé bọ́ ọ bíi arúgbó." Ó wò mí, ó wo màámi, ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Kò tún bi wá mọ́. Mo gbà pé ó mọ̀ láti ọjọ́ yẹn, nítorí lẹ́yìn náà, bó bá dín ẹ̀pà, òun fúnra rẹ̀ á lé mi sẹ́yìn pé kí n má wá ṣagbe níbẹ̀, á sì fi àkàrà rírọ̀ lé mi lọ́wọ́ tí ẹnikẹ́ni kò bá wo ibẹ̀.

Ọjọ́ ìsinmi ni Màmá Ṣógúnlé máa ń wá, láti ṣọ́ọ̀ṣì. Bàtà rẹ̀ ní irin nísàlẹ̀, a máa ń gbọ́ ọ láti ìta, kó, kó, kó, lórí símẹ́ńtì ọ̀dẹ̀dẹ̀, bàámi á sì máa bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú àpò rẹ̀ lọ́wọ́. Òórùn káńfọ̀ àti páúdà ló máa ń kọ́kọ́ wọlé. Kókóró ló ń gbé wá fún mi, ìpápánu àgbàdo ti ìlú wọn, tó le bí igi. Àwọn ayálégbé á ní, ẹ ò rí i bó ṣe fẹ́ràn ọmọ náà. Mo ti kúnlẹ̀ kí i lọ́jọ́ kan, ó sì di àgbọ̀n mi mú.

"Báwo lẹ̀kọ́?"

"Dáadáa ni mà."

"Kí ló dé tó o fi ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí oyin ta létè?" Bàámi rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Gba kókóró. Jẹ ẹ́ kí n rí i."

Mo fi í sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, mò ń pọ́n ọn lá kí itọ́ lè rẹ ẹ́. Ó ń wò mí. Ẹnu mi kún fún omi, mi ò sì lè gbé e mì.

"Kò lè rún un?"

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán ni, mà," màámi wí.

"Ta ni mo bá sọ̀rọ̀? Tu ìyẹn dànù. La ẹnu."

Mo là á. Ìka rẹ̀ wọlé, ó tutù, ó ní adùn páúdà. Ó kọ́kọ́ tẹ àwọn tòkè lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń yẹ tòmátò wò. Màámi dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀yìn àga mú. Nígbà tí ìka náà dé ìsàlẹ̀, mo fi ahọ́n ti eyín náà láti inú, mo tì í pẹ̀lú gbogbo agbára mi. Ó tẹ̀ ẹ́. Kò mì. Omi ń dà lójú mi, mo sì ń gbìyànjú kí n má jẹ́ kí ojú náà pa dà. "Ó ṣì le," ó wí, ó fi áńkáṣíìfù nu ìka rẹ̀. "Ẹ ṣì ní àsìkò díẹ̀." Nígbà tí mo gbójú sókè, bàámi ló ń wò mí. Ibi tó jókòó sí, ó rí abẹ́ àgbọ̀n mi bó ṣe le gbagidi, ó rí i pé ahọ́n ni. Mo mọ̀ pé ó rí i. Ó gbójú kúrò, ó ń wo kàlẹ́ńdà lára ògiri. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ka ìyẹn sí oore fún un, pé ó rí i tí kò sì sọ. Ní báyìí, mi ò ka ìyẹn sí nǹkan kan. Ọkùnrin tó rí ọmọ rẹ̀ tó ń fi ahọ́n ti eyín nítorí ìbẹ̀rù, tó sì ń ka kàlẹ́ńdà, kò ṣe oore fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀rù náà kò mọ sílé. Màámi mú mi lọ sí ọjà Bọ́ládé lọ́jọ́ kan láti ra òwú àti bọ́tìnì. Bí a ti ń kọjá láàárín àwọn tó ń pàtẹ, ó ṣàdédé fà mí wọ ẹ̀yìn ìsọ̀ aláṣọ òkìríkà kan, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ bo ẹnu mi, bẹ́ẹ̀ sì ni mi ò sọ̀rọ̀. Obìnrin kan tó sanra, tó de gèlè bíi ti Màmá Ṣógúnlé, ló ń yan bọ̀. Ó kọjá, kì í ṣe òun. Aláṣọ náà ní, "Ìyá, ṣé kò sí o?" Màámi dìde, ó gbọn yẹ̀rì rẹ̀, ó ní kò sí. Títí di ọjọ́ yẹn, mo rò pé àwọn àgbà kì í bẹ̀rù. Nígbà tí mo rí i pé ẹ̀rù ń ba òun náà, kò tún sí ibi tí mo lè sá sí.

Gbogbo ohun líle tá a yẹra fún, kò sí èyí tó yọ eyín náà nínú wọn. Inú ẹ̀wà rírọ̀ náà ló bọ́ sí, lọ́sàn-án gangan, nígbà tí mo dé láti ilé ẹ̀kọ́. Mo tu ú sọ́wọ́, ó kéré bí hóró ìrẹsì, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ wà lára rẹ̀. Màámi dá maṣíìnì dúró. Ó wá kúnlẹ̀ níwájú mi, ó fà mí mọ́ra, ó ń rùn òróró maṣíìnì. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ kíákíá: ó ní télọ̀ ẹlẹgbẹ́ òun kan wà ní Òkè-Àfà, a ó lọ máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, Màmá Ṣógúnlé kò mọ ibẹ̀, títí di ìgbà náà kí n fi ìborùn di ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí n máa sọ pé eyín ń dùn mí. Gbogbo rẹ̀ ló dára. Mo ní kí a sin eyín náà sẹ́yìn ilé ìdáná.

"Ká sin ín kẹ̀?" Ó wò mí bí ẹni tó sọ̀rọ̀ èèwọ̀. "Kí òmíràn má hù mọ́? Kí wọ́n máa pè ọ́ ní aláàlàfo eyín títí tó o fi máa wọlé ọkọ? Wọ́n gbọ́dọ̀ jù ú sórí òrùlé."

Ẹ̀yin tí ẹ bá dàgbà nílẹ̀ yìí mọ̀ ọ́n: eyín ọmọdé tó bá bọ́, orí òrùlé là ń jù ú sí, pẹ̀lú òkúta wẹ́wẹ́ tó bá ọjọ́ orí ọmọ náà mu, alángbá kò sì gbọ́dọ̀ rí i, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ tuntun kò ní hù. Mo ti rò ó títí. Obìnrin yìí mọ̀wé díẹ̀. Kì í gba àlá gbọ́, kì í bẹ̀rù oògùn ẹnikẹ́ni. Ó ti fi ọgbọ́n tan Màmá Ṣógúnlé jẹ láti ọjọ́ tí eyín náà ti mì. Àmọ́ kò lè fi eyín mi du òrùlé. Ó ń bẹ̀rù kí wọ́n má gbà mí lọ, ó sì tún ń bẹ̀rù kí n má di obìnrin tí kò léyín níwájú, ìbẹ̀rù méjèèjì sì pàdé lẹ́yìn balùwẹ̀ wa. Ó fi ẹsẹ̀ lé alángbá dànù lára ògiri. Ó fi eyín àti òkúta wẹ́wẹ́ lé mi lọ́wọ́. "Jù ú dáadáa," ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "kó má baà yí padà." Mo jù ú. Páànù gbà á, òkúta ń yí bọ̀, kòró kòró kòró, ní orí yàrá Ìyá Onílé gan-an.

"Ta ló ń sọ òkúta lu ilé mi?" Ìyá Onílé jáde pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Ó rí mi, ó rí màámi, ó rí òkúta tó yí bọ́ sílẹ̀. Kò sí ìyá tí kò mọ ìtumọ̀ ìyẹn. Ojú rẹ̀ là. "Áà, Ìbídùn! O ti ń pààrọ̀ eyín! Là á kí n rí i, ọmọ mi. Ẹ kú oríire o, Ìyá Ìbídùn!"

Ẹgbẹ́ akọrin kan náà lòun àti Màmá Ṣógúnlé wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Màámi kúnlẹ̀ sínú ẹrọ̀fọ̀ balùwẹ̀ níbẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ mà. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má sọ ọ́ níta."

"Kí n má sọ kí ni? Kí ló burú ńbẹ̀? Ohun ayọ̀ ni kẹ̀! Dìde, dìde, o ń ba ìró jẹ́." Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn sì ni wọ́n ní ìdánrawò orin. Títí di òní, mi ò lè sọ bóyá òmùgọ̀ ni obìnrin yẹn tàbí ìkà. Àwọn ọmọ rẹ̀ kọ ọ́ sára sàréè rẹ̀ pé ìyá rere ni.

A ì bá ti lọ ní ìrọ̀lẹ́ yẹn. Ṣùgbọ́n aṣọ oníaṣọ wà nílẹ̀ tí màámi ti gé, tí kò tíì rán, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní Ìsọlọ̀ sọ pé Ìyá Ìbídùn gbé aṣọ àwọn sá lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti di ẹrù wa, ó sì tún jókòó sídìí maṣíìnì, ó ń rán an bí ẹni tí iná ń jó lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá Rísí dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ti gbé àpò wa lé orí.

"Gbé aṣọ àwọn èèyàn sílẹ̀ fún mi! Màá há a fún wọn. Bí wọ́n bá fẹ́, kí wọ́n wá rán ara wọn mọ́ ọn. Máa lọ, Ìyá Ìbídùn!"

"Ó ku kọ́là yìí nìkan."

"Kọ́là! Ọlọ́run mi. Ọmọ rẹ lo fẹ́ fi rán kọ́là?"

Maṣíìnì náà ń sáré. Lábẹ́ ìró rẹ̀ ni mo ti gbọ́ bàtà náà lórí símẹ́ńtì, kó, kó, kó, kò sì yára. Màámi gbọ́ ọ. Ó rán kọ́là náà dé òpin, ó gé òwú.

Àwọn mẹ́ta ni wọ́n wá: Màmá Ṣógúnlé, bàámi, àti ẹ̀gbọ́n màámi, tí wọ́n mú wá kó lè jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Wọn ò jókòó. "La ẹnu," Màmá Ṣógúnlé wí. Mo pa á dé. Mo pa á dé tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń dùn mí.

"Ìbídùn, màmá ń bá ọ sọ̀rọ̀," ẹ̀gbọ́n màámi wí. Mo wo bàámi. Òun náà wo ilẹ̀. "Ṣe ohun tí wọ́n ní kó o ṣe," ó wí. Ìyẹn nìkan lọ̀rọ̀ tó sọ lọ́jọ́ náà. Mo là á, obìnrin náà fi ìka sínú àyè tí eyín ti kúrò, ó jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. "Ó ti tó," ó wí. "A ti jọ sọ ọ́."

Ìyá Rísí kò gbé àpò wa sọ̀ kalẹ̀. "Ṣé eyín lẹ wá gbà àbí ọmọ? Ẹ bi ọmọ náà léèrè! Ó lẹ́nu!"

"Kí lo kàn ńbẹ̀, ará Ìwó? Ọmọ ẹbí rẹ ni?"

"Ọmọ ilé wa ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín sí i, ẹ̀gbọ́n màámi pàápàá rẹ́rìn-ín. Màámi ń di bọ́tìnì aṣọ mi. Obìnrin tó jẹ́ pé bọ́tìnì niṣẹ́ rẹ̀, ó dì í ní àdìyípo, ó tú u, ó tún dì í ní àdìyípo. "Màá máa wá wò ọ́," ó wí sí mi létí. Mo di ìró rẹ̀ mú, bàámi ló tú ọwọ́ mi kúrò níbẹ̀, ìka kan lẹ́yìn òmíràn, jẹ́jẹ́, bó ṣe máa ń ṣe ohun gbogbo.

Wọn ò nà mí ní Ṣógúnlé. Mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Mo ní bẹ́ẹ̀dì tèmi, mò ń jẹ ẹran, wọ́n rán mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tó dára, ẹ̀kọ́ yẹn náà sì ni mo fi ń kọ èyí. Ohun tí àwọn ọmọ wọn máa rí sọ nìyẹn, wọ́n ti ń sọ ọ́ fún mi tipẹ́: kí lo fẹ́ kí wọ́n ṣe fún ọ tí wọn ò ṣe? Bí agbẹjọ́rò ọ̀dọ́mọbìnrin yẹn bá tún pè wá, tí orúnkún mi bá gbà, màá sọ fún un. Kó kọ ọ́ sínú òfin náà pé kí wọ́n bi ọmọ léèrè. Kì í ṣe ní pálọ̀, kì í ṣe lójú ẹbí, kí ẹni tí kò bá ọmọ náà tan gbé e lọ síbi tó dákẹ́, kó bi í, kó sì ní sùúrù. Kó kọ ọ́ pé ìyá lè rí ọmọ rẹ̀ láìtọrọ ààyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìyẹn ni wọn ò ṣe fún mi. Màmá Ṣógúnlé ní màámi kò tíì gbọ́dọ̀ wá, kí ọkàn mi lè kọ́kọ́ fara mọ́ ilé. Títí ẹ̀rùn fi kọjá, mi ò rí i. Ní àkókò yẹn, mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń gba àlejò: kí n kúnlẹ̀, kí n bọ́ bàtà wọn sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí n gbé omi wá lórí àwo, kí n má dá sí ọ̀rọ̀ àgbà.

Òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fún un láyè láti wá, Màmá Ṣógúnlé pè mí sí yàrá rẹ̀. Ó ń fọwọ́ pa irun mi. "Ìyá rẹ ń bọ̀ lónìí," ó wí. "Bó o bá sunkún, ìyẹn ni pé wíwá rẹ̀ ń ṣe ọ́ níbi. A ò wá ní jẹ́ kó tún wá mọ́. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́ mà."

Èmi ni mo ṣílẹ̀kùn. Ó ti rù. Ó wọ aṣọ tó rán fúnra rẹ̀, èyí tí mi ò rí rí, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì wà níwájú rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gba nǹkan. Mo mọ̀ pé Màmá Ṣógúnlé jókòó sórí àga lẹ́yìn mi. Mo há eyín mọ́ra kí ẹkún má baà rí ọ̀nà, mo kúnlẹ̀. "Ẹ káàbọ̀ mà," mo wí. "Ẹ jókòó. Ẹ jẹ́ kí n bu omi fún yín."

Màámi wò mí. Ó gbójú sókè, ó wo ẹni tó jókòó lẹ́yìn mi, ó sì yé e, mo rí i lójú rẹ̀ pé ó yé e. Ó lọ jókòó sétí àga. Mo gbé omi wá. Wọ́n bi í nípa iṣẹ́, ó dáhùn. Wọ́n bi í nípa ara rẹ̀, ó ní a dúpẹ́. Ó ń mu omi náà díẹ̀díẹ̀, ó kàn ń fi kan ètè, nítorí gbogbo wa mọ̀ pé bó bá tán, kò tún sí ohun tó máa dá a dúró mọ́. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ mi, mò ń wo omi náà bó ṣe ń lọ sílẹ̀. Kò pẹ́, ìsàlẹ̀ ife náà hàn.

"Ìbídùn," Màmá Ṣógúnlé wí láti ẹ̀yìn, "gba ife lọ́wọ́ àlejò."

Mo gbà á.